Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà Mú Àlejò Yí Ṣakí Ká

Irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ Ìyá Àgbà mi. Láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń wá kí wa: wọ́n ní oníwà tútù ni wọ́n, onísùúrù ni wọ́n, wọn ò bá ẹnikẹ́ni ṣe gbólóhùn asọ̀ rí láyé. Áà! Ta ni wọ́n ń sọ gan-an? Èmi tí mo bá wọn sun yàrá kan náà ní Ṣakí láti ìgbà tí mo ṣì wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí mo fi jáde gírámà, mi ò mọ onítútù kankan níbẹ̀. Ìyá Àgbà gbóná. Wọ́n lè dúró bá alápatà jà láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi mú, nítorí eegun tó fi sínú ẹran wọn. Kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, kó fi àlùjánnà kẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tí mo mọ̀.

Àṣàbí ni oríkì wọn. Ìyá Gáná ni gbogbo ìlú ń pè wọ́n, nítorí Támálè ní ilẹ̀ Gáná ni wọ́n ti fi ìgbà èwe wọn ta àwo àti ìkòkò, kí wọ́n tó padà wálé. Iṣẹ́ òrí ni wọ́n ń ṣe ní Ṣakí. Wọ́n á yan èmí, ìyẹn kóró èso òrí, wọ́n á gún un, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi omi pò ó nínú agbada títí apá á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ, kí òrí tó léfòó. Iṣẹ́ tí obìnrin mẹ́ta máa ń pawọ́ pọ̀ ṣe ni wọ́n ń dá ṣe. Ìdúró ni wọ́n ń jẹun. Tí wọ́n bá ń rìn lójú ọ̀nà, èmi ọmọ kékeré á máa sáré tẹ̀lé wọn. Ìyá mi, Sàfú, tó jẹ́ àkọ́bí wọn, a máa bẹ̀ wọ́n pé, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fìdí lé nǹkan díẹ̀." Wọn ò ní wo ojú rẹ̀ pàápàá. Wọ́n á ní, "Tí mo bá jókòó, mo máa ronú."

Ohun kan ṣoṣo ló ń dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́: àlejò. Ìyá Àgbà fẹ́ràn kí wọ́n mú àlejò yí ìlú ká ju kí wọ́n jẹun lọ. Agùnbánirọ̀ kan wá gba yàrá nínú ilé wa nígbà kan, ará ìlà-oòrùn ni, kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ọjọ́ kejì tó dé ni wọ́n ti lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n mú un dé iwájú ààfin Ọ̀kẹ̀rẹ̀, wọ́n mú un dé ọjà, wọ́n mú un gun òkè Asabari nínú oòrùn ọ̀sán. Ọkùnrin náà ń làágùn, ó ń fi ọwọ́ júwe pé òun fẹ́ lọ dùbúlẹ̀. Ìyá Àgbà ní kí n sọ fún un lédè òyìnbó pé, "Ìwọ tí o kàwé tó báyìí, o fẹ́ sùn nínú ìlú tí o ò mọ̀?"

A máa ń fi rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ti mọ̀ pé Ìyá Àgbà ń fi ìrìn yẹn dánra wò ni, nítorí àlejò kan tí wọ́n ń retí.

Rábì ni àlejò náà. Rábì ni àbíkẹ́yìn wọn. Àbúrò ìyá mi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo fi ọdún bíi méjì jù ú lọ. Nígbà tí ìjọba Gáná ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn kúrò ní ìlú, ìyá mi ti wá sílé ọkọ ní Ṣakí, Rábì nìkan ló wà lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Támálè, kò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Àsìkò yẹn gan-an ni èéyí gbé ọmọ náà dè. Ara rẹ̀ gbóná, ojú rẹ̀ wú, kò lè gbórí sókè. Bàbá àgbà mi náà wà lórí àìsàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú, kò lè dá rìnrìn àjò. Lọ́rì kan ṣoṣo tí wọ́n rí kún fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, àwọn ìyá ọmọ sì fàáké kọ́rí: wọ́n ní ọmọ tó ní èéyí kò gbọdọ̀ bá àwọn wọ ọkọ̀ kan náà.

Mẹ́múnà ló gba ọmọ náà. Ọmọ Támálè ni, òun àti Ìyá Àgbà jọ ń tajà ní ìsọ̀ kan náà ni, ibẹ̀ ló sì ti gbọ́ Yorùbá dáadáa. Kò bímọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa gbé ọkọ yín lọ. Tí ara ọmọ bá yá, ẹ padà wá mú un." Ìyá Àgbà gbé Rábì fún un, wọ́n sì wọ ọkọ̀.

Bàbá àgbà mi kú lọ́dún yẹn náà. Lẹ́yìn tí wọ́n jáde opó, Ìyá Àgbà gba ọ̀nà Gáná lọ, wọ́n dá wọn padà ní bodè. Wọ́n tún lọ, wọ́n tún dá wọn padà, àwọn sójà sì fi igi lé wọn bí ẹní lé ewúrẹ́. Láti ìgbà náà, kò sí ọkọ̀ tó ti ọ̀nà Dàhòmì wọ Ṣakí tí wọn kì í lọ bá awakọ̀ rẹ̀ ní gáréèjì. Ṣé ó dé Támálè? Ṣé ó mọ obìnrin kan tó ń jẹ́ Mẹ́múnà? Àwọn ọmọ gáréèjì á ti máa wo ara wọn lójú kí wọ́n tó débẹ̀. Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ kan ní òun mọ àdúgbò yẹn. Ó ní èéyí pa ọmọdé lọ rẹpẹtẹ níbẹ̀ lásìkò tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa. Kò mọ̀ ju ìyẹn lọ.

Ibẹ̀ ni ìjà Ìyá Àgbà àti ẹ̀gbọ́n wọn ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Baálé, bí a ṣe ń pè wọ́n, ni olórí agboolé wa, ìyá kan bàbá kan ni wọ́n pẹ̀lú Ìyá Àgbà. Nígbà tí bàbá náà gbọ́ ohun tí awakọ̀ sọ, wọ́n fún àbúrò wọn láyè díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n pe àwọn ààfáà kí wọ́n wá ṣe fìdáù fún ọmọ náà. Mo wà níbẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ ẹní, wọ́n ti ń dín àkàrà sàráà, ààfáà àgbà ti la ẹnu. Ìyá Àgbà jáde láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún òrí. Wọ́n ká ẹní kúrò lábẹ́ àwọn ààfáà, bẹ́ẹ̀ ni mo wí, àwọn ààfáà ṣì jókòó lórí rẹ̀! Wọ́n da omi sí iná àkàrà. Gbogbo ilé pariwo. Bàbá Baálé dìde, wọ́n ní, "Àṣàbí, ṣé orí rẹ pé? Àdúrà ni a fẹ́ ṣe fún ọmọ." Ìyá Àgbà dá wọn lóhùn níṣojú gbogbo èèyàn pé, "Ọmọ mi ò kú. Ẹni tó bá ń wá òkú tí yóò ṣàdúrà fún, kó tètè kú."

Sí ẹ̀gbọ́n wọn! Sí olórí agboolé! Láti ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà kò gba iwájú ilé Bàbá Baálé kọjá mọ́. Ilé náà ló wà lẹ́nu ọ̀nà agboolé, kò sí ọ̀nà gidi míì, nítorí náà ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà, láàárín ilé ìwẹ̀ àti ọgbà ewúrẹ́, lójoojúmọ́ ayé. Ọdún Iléyá dé, ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ dé, wọn ò kí ara wọn. Ìyá mi kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní, "Ẹni tó sin ọmọ mi láàyè, kí ni mo fẹ́ bá a sọ?"

Mo ti jáde gírámà, mo wà nílé tí mò ń retí èsì ìdánwò, nígbà tí lọ́rì kan já àwọn mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tó wà lẹ́yìnkùlé wa láàárọ̀ ọjọ́ kan. Obìnrin kan tó sanra, ọkọ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Málàmù, àti ọmọbìnrin kan tó ga tó di aṣọ obìnrin náà mú lẹ́yìn. Ìyá Àgbà ń gún èmí lọ́wọ́. Wọ́n wo obìnrin náà. Ọmọrí odó bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Mẹ́múnà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo mú un wá."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ilé, mà," bí ó ṣe lè kí ìyá àgbà èyíkéyìí. Ìyá Àgbà rìn yí i ká. Wọn ò mọ̀ ọ́n! Ọmọ tí wọ́n ti ń wá kiri gáréèjì láti bí ọdún mọ́kànlá, tó bá pàdé wọn lọ́nà, wọn ì bá kọjá lára rẹ̀. Ojú wọn ń wá ohun tí wọ́n lè dá mọ̀, kò rí i. Nígbà tó yá, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí ilẹ̀ lásán, wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà lé itan wọn, wọ́n sì bú sẹ́kún.

Bí wọ́n ti mu omi tán ni Mẹ́múnà sọ ohun tó gbé wọn wá. Ọkọ ti dé fún Rábì ní Támálè, télọ̀ ni, ọmọ gidi ni, Rábì fúnra rẹ̀ ló sì ní òun fẹ́ ẹ. "Ṣùgbọ́n mi ò lè fa ọmọ ọlọ́mọ fọ́kọ kí ìyá tó bí i má gbọ́," ni Mẹ́múnà wí. "Mo ti ṣe ohun tí mo lè ṣe. Mi ò jẹ́ kó gbàgbé èdè yín. Tí ẹ bá ní ó yá, ó yá. Tó bá sì ní òun ń dúró tì yín, a ò ní bá yín jà. Àmọ́ awakọ̀ wa ní ìdájí ọ̀la lòun ń padà."

Ọjọ́ kan. Ẹ wo bí ayé ṣe rí. Ìyá Àgbà nu ojú wọn. Wọ́n ní, "Mi ò ní fi ipá mú un. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ìlú hàn yín. Tó bá rí ìlú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé òun ò lọ mọ́." Wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èékánná wọn wọ̀ mí lára. "Àdùkẹ́, bá mi sọ̀rọ̀ Ṣakí dáadáa lónìí. Ohunkóhun tí mo bá sọ, sáà máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni."

A jáde. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n mú wa gbà, láàárín ilé ìwẹ̀ àti ọgbà ewúrẹ́, pẹ̀lú àlejò tí aṣọ funfun wà lọ́rùn wọn. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ṣé a ò ní kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ Bàbá Baálé ni?" Wọ́n ní kí n pa ẹnu mi mọ́.

Kò sí ohun tó lọ dáadáa. A dé ọjà, ọjọ́ ọjà kọ́ ni. Àtíbàbà lásán, ewúrẹ́ tó ń sùn, àti ọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀. Ìyá Àgbà ń sáré láti orí ìsọ̀ kan dé òmíràn, wọ́n ń na ọwọ́ sí òfìfo. "Ibí ni wọ́n ń kó iṣu sí! Iṣu tó ga tó Àdùkẹ́ yìí! Ibí ni àwọn Fúlàní ń gbé wàrà sí, o ò ní rọ́nà kọjá! Àbí, Àdùkẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Rábì rẹ́rìn-ín músẹ́ nítorí ìtìjú. A dé ìdí ẹ̀rọ omi, wọ́n ní a kì í jìyà omi ní Ṣakí, wọ́n yí i, kò yọ. Wọ́n tún yí i. Wọ́n fi ọwọ́ gbá a. "Àná ló ṣì ń yọ! Àdùkẹ́, ṣebí àná ló ṣì ń yọ?" Ẹ̀rọ yẹn ti gbẹ tipẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní iwájú ààfin, wọ́n ní Ọ̀kẹ̀rẹ̀ kò sí nílé. Oòrùn ń mú, Málàmù ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀, Ìyá Àgbà kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó.

Wọ́n ní dandan, a gbọ́dọ̀ gun òkè. Málàmù àti Mẹ́múnà dúró nísàlẹ̀, àwa mẹ́ta la gùn ún. Ọyẹ́ ti mú gbogbo igbó gbẹ, iná ọdẹ sì ti jó ẹ̀gbẹ́ òkè kan dúdú. Ṣùgbọ́n láti òkè, gbogbo páànù ìlú ló hàn. Ìyá Àgbà ń mí gule-gule, wọ́n ń tọ́ka: ilé wa nìyẹn, iléèwé tí wàá lọ nìyẹn, mọ́ṣáláṣí nìyẹn, ibẹ̀ yẹn ni mo máa kọ́ yàrá fún ọ. Rábì wò ó dáadáa. Ọmọ tó ní ọ̀wọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, ó yíjú, ó fi ọwọ́ ṣíji bojú, ó béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, apá ibo ni Támálè wà?"

Ìyá Àgbà fi hàn án. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Wọ́n na ọwọ́ sí ìwọ̀-oòrùn.

Ohun tó bà á jẹ́ jù wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Wọ́n ní ó ku àwọn èèyàn rẹ̀, pé tó bá rí ẹbí, ọkàn rẹ̀ á yí. A wọ ilé àwọn ọmọ ìyá, a wọ ilé àwọn ọmọ bàbá. Ní gbogbo ilé, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n gbé omi tútù wá, wọ́n gbé obì wá. "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin àlejò. Ẹ kú ìrìn o, àlejò." Kò sí ẹni tó dì mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó kì í. Ìyá Àgbà ń sọ pé, "Rábì ni! Rábì mi ni!" Wọ́n á ní, "A gbọ́, ẹ kú oríire," wọ́n á sì wolẹ̀.

Kì í ṣe pé wọ́n burú. Ẹni tó bá mọ agboolé wa á mọ̀. Ọmọ tó bá ti ìrìn àjò tó jìn dé, ọ̀dọ̀ baálé ló ń kọ́kọ́ yà. Baálé ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kó tó pè é lóríkì. Ìgbà yẹn ni gbogbo ilé tó lè la ẹnu pé ọmọ wa dé. Kí omi yẹn tó kan ẹsẹ̀ rẹ̀, àlejò ni, kò sì sí ẹni tó jẹ́ yọjú síwájú baálé. Ìyá Àgbà mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n kàn rò pé ìfẹ́ ọmọ á jẹ́ kí àwọn èèyàn gbójú fò ó ni.

Nígbà tí a jáde nílé tó kẹ́yìn, Rábì rọra sọ fún Mẹ́múnà pé, "Ṣebí ẹ ní ilé wa ni ibí. Wọ́n ń pè mí ní àlejò."

Ìyá Àgbà gbọ́. Wọ́n dúró gbagidi láàárín ọ̀nà. Oòrùn ti ń rọ̀. Mo rò pé wọ́n máa bú ẹnì kan, mo ti ń múra sílẹ̀. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n yọ gèlè wọn, wọ́n fi so ìbàdí, wọ́n sì kọrí sí ẹnu ọ̀nà agboolé, ọ̀nà tí wọn ò gbà láti ọdún yìí wá.

Bàbá Baálé jókòó níwájú ilé. Ìyá Àgbà, àgbàlagbà tí mi ò rí kó kúnlẹ̀ fún ẹ̀dá alààyè rí, ju ara wọn sílẹ̀, wọ́n fi orúnkún méjèèjì rìn nínú iyanrìn dé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n wọn. "Ẹ forí jì mí. Ẹ bá mi bu omi sí ọmọ yìí lẹ́sẹ̀. Ọ̀la ló ń lọ. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá a dúró."

Omi ń bọ́ lójú Bàbá Baálé. "Àṣàbí, láti àárọ̀ ni mo ti gbọ́ pé ó dé. Láti àárọ̀ ni omi ti wà nínú ìkòkò yìí. Mò ń gbọ́ bí o ṣe ń mú un gba ẹ̀yìnkùlé. Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ kí ọmọ yìí kú? Ìwọ ni mo fẹ́ kí ọkàn rẹ balẹ̀, kí o lè rí oorun sùn."

Wọ́n dìde, wọ́n bu omi. Rábì bọ́ bàtà. Bí omi ṣe kan ẹsẹ̀ rẹ̀, Bàbá Baálé ní, "Àbẹ̀kẹ́, káàbọ̀ sílé rẹ," agboolé sì dàrú. Háà! Gbogbo àwọn tó ti ń pè é ní àlejò tú jáde, wọ́n gbé e sókè, wọ́n ń kì í, ìyá mi ń sunkún, àwọn obìnrin ń jó. Rábì ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń wá ojú Mẹ́múnà láàárín èrò. Mo wo Ìyá Àgbà. Ojú wọn dán. Wọ́n gbà pé ó ti dúró nìyẹn.

Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́. Wọ́n di ọwọ́ ọmọ wọn mú. "Rábì, o ti rí ìlú, o sì ti rí àwọn èèyàn rẹ. Ṣé wàá dúró tì mí?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀. Láti àárọ̀, "mà" ló ń pè wọ́n. Ó gbórí lé wọn lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n lọ."

Bàbá Baálé wúkọ́, wọ́n ní, "Àṣàbí, tí o bá ní kó má lọ, èmi á ní kó má lọ. Kò sí ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́." Òótọ́ sì ni. Mẹ́múnà ti fi ìborùn bo ẹnu. Ìyá Àgbà wo ọmọ tó wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n wò ó títí mo fi fẹ́ kígbe. Lẹ́yìn náà wọ́n fà á dìde, wọ́n gbọn iyanrìn kúrò ní orúnkún rẹ̀, wọ́n mú ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi lé ọwọ́ Mẹ́múnà.

"Ìyá Rábì," ni wọ́n pè é, "mú ọmọ rẹ wọlé, kó lọ sinmi. Ọ̀nà yín jìn lọ́la."